Ọdún Tí Màmá Iléṣà Fẹ́ Gba Dádì Wa ní Èènì

Ilé wa ní Al Khan kì í dákẹ́. Àjà kẹrin ni a ń gbé, nínú ilé gíga kan tó dojú kọ ọ̀sà ní apá Sharjah, nítorí owó ilé níbẹ̀ rọjú ju ti Dubai lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù inú pálọ̀ máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, lífìtì á máa ké bó ṣe ń gòkè, aládùúgbò wa ará Íjíbítì á máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ohùn tó máa ń jí mi láàárọ̀ ni ti àwọn òbí mi. Omi àlùwàlá Dádì á máa dà ṣàà nínú balùwẹ̀, Mọ́mì á sì ti máa kọ orin ìyìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nídìí sítóòfù níbi tó ti ń din ẹyin. Bí Dádì bá ti wọ inú ìrun, Mọ́mì á pa orin mọ́ ẹnu; bí Dádì bá ti sálámà tán, á tún gbé orin náà níbi tó ti fi í sílẹ̀. Mi ò gbọ́ rí pé wọ́n jókòó ṣe àdéhùn lé e lórí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe rí, àfìgbà tí mo dàgbà tí mo wọ ilé àwọn ẹlòmíràn ni mo tó mọ̀ pé oore ńlá ni Ọlọ́run ṣe fún wa.

Iṣẹ́ kágò ni Dádì ń ṣe ní Deira, nínú Dubai. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Èkó wá á ra ọjà wọn tán, wọ́n á kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun àti Ànwárì, ọmọ Pakistan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á dì í, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sílé. Alájì Kágò ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà nígbà náà. Kò sí àsìkò tí ṣọ́ọ̀bù náà máa ń gbóná tó ìparí ọdún, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi jẹ Kérésì kankan pẹ̀lú Dádì rí. Láàárọ̀ Kérésì, Mọ́mì á kó èmi àti Délé ẹ̀gbọ́n mi sínú takisí, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Jebel Ali, ọ̀nà tó jìn dé ibi pé mo máa ń sùn lọ, mo máa ń sùn bọ̀. Bí a bá délé, á bu oúnjẹ sí abọ́ mẹ́ta, á fi ọmọrí dé ti Dádì sínú ìkòkò. Mi ò gbọ́ kí Mọ́mì ráhùn. Ó kàn máa ń wo ẹnu ọ̀nà ni bí lífìtì bá ti ké.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ Rámádàànù àti Kérésì ń bọ̀ wá bọ́ sínú oṣù kan náà, Màmá Iléṣà sì wà lọ́dọ̀ wa. Òun ló bí Mọ́mì. Visa àlejò ló fi wá, gbogbo wa sì mọ̀ pé visa náà yóò parí kí Kérésì tó dé. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni ilé ti ní ohùn mìíràn: ìgbálẹ̀ rẹ̀ lórí bálíkónì, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, kí oòrùn tó yọ. Iyanrìn tó bá gbá láàárọ̀ á tún ti padà síbẹ̀ lọ́sàn-án. “Iyanrìn ìlú yìí ò nítìjú,” ni yóò wí, á sì tún gbé ìgbálẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a ṣa ẹ̀wà. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta ẹ̀wà ní Sharjah, ó mọ́ tónítóní, kò ní òkúta kankan, ṣùgbọ́n Màmá á dà á sínú àtẹ, á máa ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní, “Ta ló bá ọ wò ó?” Òṣómàáló ni bàbá tó bí Màmá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń gbé aṣọ àwìn kiri oko Èkìtì láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n bá padà wá gbowó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó lè gbé wọn dìde títí owó yóò fi jáde. Màmá ní òun kò jogún owó lọ́wọ́ bàbá òun, ìjókòó lòun jogún.

Délé ló gbé ọ̀rọ̀ òkè yìnyín dé. Ní iléèwé wa, bí ìsinmi Kérésì bá ti ń súnmọ́, àwọn ọmọ òyìnbó kíláàsì rẹ̀ á máa sọ òkè tí wọ́n fẹ́ lọ fi igi pẹlẹbẹ yọ̀ lórí yìnyín. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó bi Mọ́mì pé kí ló dé tí àwa kì í lọ síbì kankan. Mo retí kí Mọ́mì bá a wí. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, “Lọ́dún yìí, a máa lọ. Gbogbo wa.” Ó wo Dádì bó ṣe sọ “gbogbo wa” yẹn. Dádì ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe yìnyín ni ìyá mi ń wá. Ìyá mi kò fẹ́ràn òtútù rárá. Súwẹ́tà ló máa ń wọ̀ wọ ilé ìtajà ńlá nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ibi tí Dádì kò ti ní lè sá gba ṣọ́ọ̀bù lọ ni ó ń wá.

Lọ́jọ́ kejì ó mú àwọn ìwé aláwòrán bọ̀ láti ọ́fíìsì ìrìn-àjò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Dádì, a sì tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ìwé tuntun, pálọ̀ wa yẹn ni mo máa ń rí. A kọ́kọ́ ṣí Switzerland. Dádì wo iye tó wà lábẹ́ àwòrán, ó ní “Astaghfirullah,” ó sì yí ojú ìwé padà wéré bí ẹni pé ó rí ìhòòhò ènìyàn. Bulgaria kò wọ́n, ṣùgbọ́n a ó wọ bàlúù, a ó sọ̀, a ó tún wọ òmíràn. Mọ́mì ní òun kò lè máa kó ọmọ kiri pápá ọkọ̀ òfúrufú nínú ọyẹ́. Iran wu Dádì. Ó súnmọ́, owó rẹ̀ fúyẹ́, ààwẹ̀ yóò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn níbẹ̀. Mọ́mì ní, “Ààwẹ̀ yín á rọ̀ yín lọ́rùn. Kérésì tèmi ńkọ́? Ta ló máa bá mi kọrin?” Dádì rẹ́rìn-ín, ó gbà pé ó gba òun mú. Lẹ́bánónì ló kù. Nínú àwòrán, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé gogoro mọ́sálásí wà lẹ́bàá ara wọn, òkè funfun sì wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin ọ́fíìsì náà ti sọ fún Mọ́mì pé owó òkè yẹn máa ń wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, nítorí yìnyín lè má tíì pọ̀ níbẹ̀. “Ṣé yìnyín yóò tilẹ̀ wà?” ni Délé bi í. “Yóò wà,” ni Mọ́mì wí. Gbogbo wa gbà. Màmá Iléṣà tí kò ní bá wa lọ gan-an pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Dádì ro owó ẹni mẹ́rin pọ̀, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó rò ó títí, ó ní, “Ìyá Délé, ẹ̀yin mẹ́ta ẹ lọ. Owó ẹni mẹ́ta, mo lè rí i. Ta ló tún máa dúró ti ẹrù àwọn ará Èkó?” Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ ni, bí ẹni tó ń bu ẹran tirẹ̀ kún tọmọ. Mọ́mì kò bá a jiyàn. Ó ṣa àwọn ìwé náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ kì wọ́n sábẹ́ àpò ìrẹsì, ó ní, “Khalas, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi àlùwàlá nìkan la gbọ́, a ò gbọ́ orin. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́bọ̀, tí iléèwé kò sí, Màmá ní kí Dádì gbé òun dání lọ sí Deira, òun fẹ́ na ẹsẹ̀, ó sì fà mí lọ́wọ́. Bí Dádì ti wọ ṣọ́ọ̀bù tán, Màmá ní, “Bùsọ́lá, níbo ni wọ́n ti ń ta òkè?” Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin tó fún Mọ́mì ní ìwé aláwòrán ló jókòó níbẹ̀, Tọ́másì ni orúkọ rẹ̀, ará Íńdíà, ọmọlúwàbí ènìyàn tó fi gíláàsì sójú. Ó dìde fún Màmá, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Màmá ní kí n bi í léèrè iye tó ń ta gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ èsì fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bi í bóyá òkè náà la fẹ́ kó lọ sílé.” Lẹ́yìn náà ó wọ́ àga súnmọ́ ògiri, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ àtẹ kékeré àti ẹ̀wà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. “Sọ fún un pé mi ò kánjú,” ló wí.

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n Màmá kò tíì débi tó ń lọ. Ó ní, “Wí fún un pé ẹni mẹ́ta la fẹ́ sanwó fún. Ẹni kẹrin, kó fi ṣe èènì.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èènì fún ará Íńdíà? Mo gbìyànjú. Mo ní, “Uncle, Mama says when we buy three, you must put small on top. The small on top is my daddy.” Tọ́másì yọ gíláàsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó ni bàlúù kì í fi ènìyàn ṣe èènì. Màmá mi orí, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n jáde. Bàbá Lárúbáwá kan wá jókòó tì wá, ó kí Màmá, ó bojú wo inú àtẹ, ó sì bá a mú ẹ̀wà kan tó ti fọ́ kúrò. Tíì dé, Màmá mu ún, ó tún ń ṣà.

Nígbà tó yá, Tọ́másì fúnra rẹ̀ fa àga wá síwájú wa. Ó ní báyìí ni ìyá òun máa ń jókòó ṣa ìrẹsì nílé wọn ní Kerala, òun kò sì rí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá tú owó náà palẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí Màmá lè mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àfi bí ẹni pé ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà ni a wà. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fúnni? “Ọmọ mi ò lọ́wọ́ ni? Yọ ọ́. Fún wọn ní ilé tó ní kíṣìn.” Ọkọ̀ àdáni láti pápá ọkọ̀ òfúrufú? “Kí ló ṣe bọ́ọ̀sì?” Igi ìyọ̀ fún ẹni mẹ́rin? “Ẹni mẹ́rin kẹ̀? Àna mi ò ní so pátákó mọ́ ẹsẹ̀, ìyàwó ẹ̀ náà ò ní so ó. Àwọn ọmọ nìkan.” Bí Màmá ṣe ń yọ ọ̀kan ni ọkàn mi ń fúyẹ́, nítorí mo ti rí ibi tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi parí, ó ku díẹ̀ kí owó ẹni mẹ́rin bá ti ẹni mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Èyí tó ṣẹ́kù, etí ìró Màmá ló ti jáde. Owó tó fẹ́ fi ra léèsì ni, léèsì tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Tọ́másì wá ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ fìlà onírun méjì tí wọ́n ya bàlúù sí, ó ní ti èmi àti Délé nìyẹn, òun fi ta wá lọ́rẹ. Màmá wò mí, ó ní, “Ó lóun ò ní èènì.”

A gba ibẹ̀ lọ bá Dádì. Ó ń wọn ẹrù lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá bó ṣe máa ń ṣe. Màmá ní, “Àna mi, mo ti bá ọ ra àyè nínú bàlúù. Ìwọ náà ń lọ.” Dádì gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní kú o. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wà nílẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù yìí...” Màmá gbá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. “Ṣọ́ọ̀bù tí o ò lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣé ìwọ lo ni ín, àbí òun ló ni ọ́? Ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọmọ mi ò bẹ̀ ọ́ fún yìnyín o. Ìwọ ló ń bẹ̀ fún.” Alhaja kan tó jókòó lórí bélì ọjà rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Alájì, ẹ lọ jàre! Ẹ̀yin náà, abeg. Ẹrù wa ò ní sunkún.” Ànwárì tí kò gbọ́ Yorùbá rárá rí ojú gbogbo wa, ó ní, “Yalla, bhai, go. I am here.” Dádì jókòó, kò sì mọ̀ pé orí òṣùwọ̀n lòun jókòó sí, ọwọ́ òṣùwọ̀n fì lọ fì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀, ó ń tún un wí pé, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

Màmá padà sí Iléṣà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ó di Mọ́mì mú, ó ní kó má pariwo ìrìn-àjò náà fún aráyé, ẹ̀yìn tí a bá dé ni kó máa sọ̀rọ̀. Alhaja yẹn ló fún wa ní kóòtù òtútù láti inú ọjà rẹ̀ tó ń lọ sí Èkó. Gbogbo nǹkan ti pé, ṣùgbọ́n Mọ́mì kò gbà gbọ́ pé Dádì yóò bá wa lọ. Bí ìrìn-àjò ṣe ń súnmọ́ ni ẹrù ń ga sí i ní Deira, tí Dádì ń pẹ́ kó tó délé. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, ó ní kí a ṣáájú, pé òun á bá wa ní Airport. Mọ́mì kó wa lọ síbẹ̀. A tò, ó kàn wá, Mọ́mì ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa kọjá. Ó tún kàn wá, ó tún ní kí wọ́n kọjá. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí Dádì wọlé, sáré ló ń sá, eruku páálí wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń di ẹrù ṣì wà lápò rẹ̀. Mọ́mì gbọn eruku náà nù kúrò lára rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, ó gbọ̀n ọ́n títí, ó ń gbọn ibi tí kò sí eruku mọ́.

Òótọ́ ni Tọ́másì sọ. Yìnyín òkè náà kò pọ̀, ilẹ̀ pupa ń yọjú láàárín rẹ̀ bí aṣọ funfun tó ti gbó, a ò sì lè lo igi ìyọ̀ ju apá ibi kékeré kan lọ. Èmi àti Délé ṣubú níbẹ̀ títí, ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní yíyọ̀ ń sọ pé “shwayya, shwayya,” kí a ṣe é díẹ̀díẹ̀. Dádì tó ń gbààwẹ̀ dúró létí, ọwọ́ lápò. Ó tó àkókò kan ó yọ ọ̀rá kágò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì yọ̀ wá sísàlẹ̀, tòun ti fìlà, ó ń pariwo “Ẹ yà! Ẹ yà fún kágò!” Mọ́mì rẹ́rìn-ín débi pé ó lóṣòó. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Kérésì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ òkè, Dádì sì bá wa rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró dè wá nínú òtútù. Nígbà tí a padà, Mọ́mì se ìrẹsì àti adìyẹ nínú kíṣìn kékeré ilé tí a gbà. Ó bu ú sí abọ́ mẹ́ta, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó sì wá ọmọrí ìkòkò. Dádì jáde látinú yàrá, ó wo tábìlì. Ó kọjá lẹ́yìn wa, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú abọ́ kẹrin, ó gbé e fún Mọ́mì. Mọ́mì ní, “Bàbá Délé, ààwẹ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Arìnrìn-àjò ni mí. Ọlọ́run gbà fún mi. Mo lè san ọjọ́ kan padà. Èyí ni mi ò lè rí san padà bó bá lọ.” Ó jókòó, ó ní bisimillah, ó jẹun. Mọ́mì ló wá di ẹni tí kò lè jẹun. Ó ń wò ó.

Ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀, tí iléèwé ti wọlé, mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá oúnjẹ Mọ́mì ní dídé lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Ó ní, “Dádì yín ń san Kérésì wa padà lónìí. Mi ò lè jẹ́ kó dá san án.” Ìyá mi, ọmọ ìjọ, tí kò gbààwẹ̀ Mùsùlùmí rí láyé rẹ̀! Èmi àti Délé wo ara wa, a sì gbé ìpápánu wa padà sínú fíríìjì. Dádì tètè dé lọ́jọ́ yẹn. A jókòó yí tábìlì ká, ebi ń pa wá, inú wa ń dùn, títí tí ìpè fi dún láti mọ́sálásí ìsàlẹ̀ ilé. Dádì mú dàbínù kan nínú àwo, ó là á sí méjì, ó sì fi apá kan sí Mọ́mì lẹ́nu kí ó tó jẹ tirẹ̀.